Owó Ọkọ̀ L'Ékòó: Níbi Ìsopọ̀ Ọ̀nà Ni Owó Ti Ń Jò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nílé, tẹ́ ẹ ń tú àpò wò bóyá ṣéńjì wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀. Owó ọkọ̀ l'Ékòó ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Kò sí ẹni tó nílò kí n sọ fún un pé owó ọkọ̀ ti wọ́n. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, gbogbo ohun tó ń fi táyà rìn ni owó rẹ̀ fò sókè. Látìgbà náà, ìmọ̀ràn táwọn èèyàn ń fún ara wọn kò ju pé ká máa ṣọ́wó ná. Ìmọ̀ràn yẹn kò burú, àmọ́ kò dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń gbé Ayọ̀bọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, kò lè ṣọ́wó ná títí kó má lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó lè ṣe ni kó mọ ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mú nínú ọ̀rọ̀ mi rèé: l'Ékòó yìí, ọ̀nà tó jìn kọ́ ló ń jẹ wá lówó jù. Àwọn ibi tá a ti ń sọ̀ látinú ọkọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn ni. Ẹ wo páìpù omi; àárín rẹ̀ kì í sábà jò, ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ ni omi ń gbà jáde. Bí owó ọkọ̀ Èkó ṣe rí náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Iye tí mo máa pè yìí ń yí padà láti àdúgbò dé àdúgbò, kódà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ará Ayọ̀bọ̀ wa yìí wọ kẹ̀kẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé bọ́ọ̀sítọ́ọ̀pù ní 300 náírà. Ó wọ kórópe dé Ìyànà-Ìpájà ní 400. Ó wọ dánfó dé Obáléńdé ní 800. Ó tún wọ ọkọ̀ kékeré kan wọ Victoria Island ní 200. Iye tó san láàárọ̀ jẹ́ 1,700 náírà. Nígbà tó bá máa padà nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ kékeré yẹn á ṣì gba 200, dánfó á gba 1,200 torí èrò ti pọ̀, kórópe á di 500, kẹ̀kẹ́ á gba 300 tirẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 2,200. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ para pọ̀ di 3,900 náírà lójúmọ́. Tó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 nínú oṣù, 85,800 náírà ni.

Ẹ rántí pé òfin owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 fi 70,000 náírà lélẹ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì fi tirẹ̀ sí 85,000 ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn, tó sì ń rin irú ìrìn tí mo ṣírò yìí, ọkọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Wàyí o, ẹ padà wo ìṣirò yẹn dáadáa. Dánfó tó gbé e láti Ìyànà-Ìpájà, tó gba orí afárá Third Mainland tó lé ní kìlómítà 11, gba 800 náírà láàárọ̀. Kẹ̀kẹ́ tó gbé e jáde ládùúgbò, tí kò rìn ju bí a ṣe ń pe ẹni ká gbọ́ lọ, gba 300. Tẹ́ ẹ bá wo bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe gùn sí, kẹ̀kẹ́ ló wọ́n jù nínú gbogbo ọkọ̀ tó wọ̀. A kì í sì rí i bẹ́ẹ̀, torí pé 300 kéré lójú lẹ́gbẹ̀ẹ́ 800. Ojú dánfó la máa ń gbé ìbínú sí, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ìrìn kéékèèké tó wà lórí àti ní ìdí rẹ̀ ló ń jẹ owó wa láìdún.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ gbé lé yín lọ́wọ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ kọ gbogbo owó ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá san sílẹ̀, yálà sínú ìwé tàbí sórí fóònù. Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti wọlé, ibi tẹ́ ẹ ti sọ̀, iye tẹ́ ẹ san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ aago tẹ́ ẹ wọlé sí i pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ tí òjò bá rọ̀. Ọ̀pọ̀ wa mọ iye owó oúnjẹ inú ilé dé orí máàgì, àmọ́ tí wọ́n bá bi wá ní iye tí ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ wa lóṣù tó kọjá, àfojúdá la máa fi dáhùn. Ìyàlẹ́nu sì máa ń wà nínú ìwé yẹn tí ọ̀sẹ̀ bá parí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìsopọ̀ tẹ́ ẹ lè yọ kúrò. Kẹ̀kẹ́ ẹnu ọ̀nà sábà máa ń jẹ́ àkọ́kọ́. Tí ará Ayọ̀bọ̀ wa bá ń fi ẹsẹ̀ rin ibẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, 600 náírà lójúmọ́ nìyẹn, 13,200 lóṣù. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè rìn ín. Aláboyún wà, ẹni tí orúnkún ń dùn wà, àwọn àdúgbò kan sì wà tí ọmọbìnrin kò gbọ́dọ̀ dá rìn kọjá tílẹ̀ bá ti ṣú. Nígbà òjò, àwọn òpópónà kan ń di odò. Ẹ má fi ẹ̀mí ṣòwò nítorí 300 náírà. Àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le lè rìn ín láàárọ̀ tí ilẹ̀ ti mọ́, kó wá fi kẹ̀kẹ́ wọlé lálẹ́. Ìdajì owó yẹn ṣì wà lápò rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Lagos Mainland, Lagos Island àti Àpápá, ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ ti kọ́ irú ìrìn yìí láìrò tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti mọ ọ̀nà àbùjá tó wà láàárín ilé wọn àti títì.

Ọ̀rọ̀ gígé ọ̀nà ló kàn, mo sì fẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó ẹ̀ẹ̀mejì lọ́wọ́ ẹni tí kò fura. Dánfó tó yẹ kó lọ tààrà láti Òṣòdì dé Obáléńdé lè bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìdajì ọ̀nà nìkan nígbà tí èrò bá pọ̀. Ó fẹ́ kó èrò, kó já wọn sílẹ̀ lágbedeméjì, kó tètè yí padà wá kó òmíràn. Ẹ̀yin tí wọ́n já sílẹ̀ á tún wá ọkọ̀ mìíràn, ẹ ó sì tún sanwó tuntun. Tẹ́ ẹ bá ro owó méjèèjì pọ̀, ó sábà máa ń ju owó ọkọ̀ tó lọ tààrà lọ. Fún ìdí èyí, kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, ìbéèrè méjì ni kẹ́ ẹ bi kọ̀ńdọ́ kí gbogbo èrò gbọ́: ibo lẹ̀ ń dé, èló ni? Ẹni tó bá wọlé láìbéèrè, tó wá ń bá wọn jà lórí afárá, kò lẹ́jọ́ kankan lẹ́nu àwọn èrò tó kù.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, gígé ọ̀nà lè ṣe ẹ̀yin náà láǹfààní. Tí gáréèjì ńlá bá kún àkúnfàya, tí wọ́n sì ti fi owó lé owó, ẹ wò ó bóyá ẹ lè rìn síwájú dé bọ́ọ̀sítọ́ọ̀pù tó tẹ̀ lé e, tàbí, tí ibi tẹ́ ẹ ń lọ bá lòdì sí ibi tí èrò ń lọ, kẹ́ ẹ dúró sí ọ̀dìkejì títì níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń padà lófìfo ti ń kọjá. Ọkọ̀ tó ń padà síbi tí èrò wà kò fẹ́ sáré lásán; iyekíye tó bá rí lójú ọ̀nà, èrè ni fún un. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, tí wọ́n ń gbé Orí-Ilẹ̀ (Mainland), kò ní irú àǹfààní yìí láàárọ̀, torí ibi tí gbogbo ayé ń lọ làwọn náà ń lọ. Ẹni tó ń gbé Yábàá, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ní in. Tẹ́ ẹ bá ń wá ilé tàbí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò. Ilé tí owó rẹ̀ rọjú ní òpin ìlú lè jẹ́ èyí tó wọ́n jù tẹ́ ẹ bá ro owó ọkọ̀ ọdún kan mọ́ owó ilé.

Aago ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé owó ọkọ̀ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kò bá ti aago mẹ́ta ọ̀sán dọ́gba. Ọjọ́ Ẹtì burú ju ọjọ́ tó kù lọ. Òjò ló wá burú jù: bó bá ti ń ṣú dẹ̀dẹ̀, kó tó kán tó, owó ti yí padà lẹ́nu kọ̀ńdọ́. Ẹni tó bá ní agbára lórí àkókò iṣẹ́ rẹ̀, bí àwọn oníṣọ́ọ̀bù, àwọn aránṣọ, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, ó yẹ kó fi ohun tó kọ sínú ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn wo aago tí owó ń gun òkè ní bọ́ọ̀sítọ́ọ̀pù tirẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, tí ará Ayọ̀bọ̀ bá lè wọ dánfó kí èrò tó pọ̀, kó san 800 dípò 1,200, 8,800 náírà ni oṣù kan ń dá padà fún un. Ẹ ro ó mọ́ 13,200 ti kẹ̀kẹ́, 22,000 náírà nìyẹn. Ó tó owó ilé ìwé ọmọ níbòmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí náà. Òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ bá gbà láyè kó dé ní aago méje, kó sì lọ ní aago mẹ́ta, ẹ ti fi owó kún owó oṣù rẹ̀ láìyọ náírà kan látinú àpò yín.

Ọ̀rọ̀ ṣéńjì kò gbọ́dọ̀ gùn, àmọ́ ó ṣe pàtàkì. "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o" kì í ṣe ariwo lásán. Ẹni tó bá mú 1,000 náírà wọ ọkọ̀ 800, wọ́n lè so òun àti ẹni tí kò mọ̀ rí pọ̀, kí wọ́n fún àwọn méjèèjì ní owó kan kí wọ́n lọ wá bí wọ́n ṣe máa pín in. Ẹni tí iṣẹ́ ń pè á fi owó náà sílẹ̀. Irú àfisílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni kẹ́ ẹ ti máa wá owó wẹ́wẹ́, lọ́dọ̀ alájàpá tàbí ẹlẹ́ran àdúgbò. Òmíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà mọ́ owó ọkọ̀: owó tí àwọn tó ní POS ń yọ. Ẹni tó bá ń gba 2,000 náírà lọ́dọ̀ oní-POS láràárọ̀ kó lè fi wọ ọkọ̀ ń san owó ìgbowó lójoojúmọ́. Ẹ gba ti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nílé, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ rìn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àwọn ọkọ̀ tí òjò kò lè yí owó wọn padà. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìtura tó pọ̀ jù wà fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá gba ibẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù aginjù Sàhárà. Ní 2015 ọ̀nà náà gùn dé Ìkòròdú, ní 2020 wọ́n ṣí ti Òṣòdì sí Abúlé-Ẹ̀gbá. Ohun tó jẹ́ kí owó BRT yàtọ̀ ni pé ó ní ọ̀nà tirẹ̀ ní apá ibi tó pọ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ fi bẹ́ẹ̀ dá a dúró, àti pé ìjọba ló ń fọwọ́ sí iye tí wọ́n ń gbà. Kọ̀ńdọ́ kankan kò lè wo ojú ọ̀run kó pe owó tuntun.

Ti ọkọ̀ ojú irin ti pẹ́ nílẹ̀. Gómìnà Látéèfù Jákàńdè ló bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari sì fagi lé e ní 1985. Ìran kan dàgbà, ó bímọ, kí ọkọ̀ náà tó rìn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 Buhari, tó ti di ààrẹ alágbádá nígbà náà, ló wá ṣí ọ̀nà ojú irin Blue Line. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 dé Marina, ọ̀nà kìlómítà 13 tó ní ibùdó márùn-ún. Iná mànàmáná ló fi ń rìn. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀nà Orílé ṣe máa ń rí nírọ̀lẹ́ á mọ ohun tó túmọ̀ sí kéèyàn gbéra ní Marina, kó sì dé Mile 2 láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ti Red Line ló tẹ̀ lé e: ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, láti Agbádó, ó gba Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣìn àti Yábàá dé Òyìngbò.

Ẹ padà sọ́dọ̀ ará Ayọ̀bọ̀ wa. Tó bá dé Ìyànà-Ìpájà, kò pọn dandan kó kọjú sí dánfó Obáléńdé. Ó lè wọ ọkọ̀ lọ sí Agége, kó wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ dé Òyìngbò, kó tún wọ bọ́ọ̀sì kọjá sí Erékùṣù. Ìsopọ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i lóòótọ́, ìdí nìyí tí mi ò fi ní sọ pé ọkọ̀ ojú irin ló dára jù fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń gbé itòsí Agége tàbí Ìjù, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá, rí ọ̀nà là. Ẹni tó ń gbé Festac, tó ń lọ sí Marina, rí i pẹ̀lú. Ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ kẹ̀kẹ́ méjì kó tó dé ibùdó, kó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó tó yan ọ̀nà. Kó wò ó láàárọ̀, kó tún wò ó nírọ̀lẹ́, torí ó ṣeé ṣe kí dánfó dára fún un láàárọ̀, kí ọkọ̀ ojú irin dára fún ìrọ̀lẹ́ tí owó dánfó ti lọ sókè. Kò sí òfin tó sọ pé ọ̀nà tá a bá gbà lọ náà la gbọ́dọ̀ gbà bọ̀. Kẹ́ ẹ sì mọ aago tí ọkọ̀ ojú irin ń gbéra, torí kì í kọjá ní gbogbo ìgbà bíi ti dánfó.

Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ BRT àti ọkọ̀ ojú irin. Káàdì kan náà ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tí ìjọba kó jáde ní 2021 láti máa gbé èrò láti inú àdúgbò dé títì ńlá, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ìjọba. Ẹ fi owó sí i kí ọjọ́ Ajé tó dé. Ẹni tó bá dúró títí di aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé kó tó lọ tò síwájú aṣojú tó ń fowó sí káàdì, bọ́ọ̀sì mẹ́ta lè kọjá lójú rẹ̀. Níbi tí ẹ̀rọ bá sì ti ní kẹ́ ẹ fi káàdì kàn án nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀, ẹ má gbàgbé o, bó ti wù kí iṣẹ́ máa pè yín tó. Ìkàn kejì yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ibi tí ìrìn yín parí sí, kó má bàa gba owó ọ̀nà tẹ́ ẹ kò rìn. Ẹ jẹ́ kí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ilé ní káàdì tirẹ̀.

Àǹfààní mìíràn wà tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde ẹ̀dínwó ìdajì owó ọkọ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, orí ọkọ̀ ìjọba ni ẹ̀dínwó náà ti ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò ní káàdì, tí kò sì mọ bọ́ọ̀sítọ́ọ̀pù ibi tí àwọn ọkọ̀ yẹn ti ń gbé èrò, orí rédíò ló ti gbọ́ ọ, kò kan àpò rẹ̀. Tí irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ẹ jẹ́ kó bá yín pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ̀yin ará Badore, omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba ń na Ìpakòdò àti Badore dé Erékùṣù. Owó rẹ̀ lè má kéré ju ti BRT, àmọ́ wákàtí tó ń dá padà fún yín kì í ṣe kékeré, àwọn tó ń tajà mọ iye tí wákàtí kan tó. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ọkọ̀ omi tí wọn kò bá fún un ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó.

Ìyẹn mú mi dé orí sóólè. Ọkọ̀ aládàáni tó dúró ní bọ́ọ̀sítọ́ọ̀pù, tó pe owó tó kéré sí ti dánfó, máa ń fani mọ́ra, pàápàá tí àárẹ̀ bá ti mú wa. Ibẹ̀ ni àwọn oní-wan-ṣáńsì, àwọn olè tó ń díbọ́n bí awakọ̀ èrò, ti ń rí èèyàn kó. Owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá gbé lọ ju owó ọkọ̀ ọdún kan lọ, ká má tíì sọ ti ẹ̀mí. Ẹ má wọ ọkọ̀ tẹ́ ẹ kò mọ onímọ́tò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jọ gun ọkọ̀ kan náà, ẹ ṣe é láàárín ara yín: ará àdúgbò tó ń lọ sí apá ibi kan náà, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, òbí ọmọ tí tiyín jọ ń lọ sílé ìwé. Kí èèyàn mẹ́ta dá owó epo fún ẹni tó ní mọ́tò, kó máa gbé wọn ní aago tí wọ́n fi sí. Kí wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kí ọjọ́ tí ẹnì kan kò bá lọ má di ìjà. Irú ètò yìí dára fún àwọn ìyá wa ọlọ́jà náà. Owó ẹrù nínú dánfó sábà máa ń ju owó èèyàn lọ, ẹni tó bá gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan láti Mile 12 mọ ohun tí mò ń sọ. Kí àwọn márùn-ún tó ń tajà nínú ọjà kan náà gba ọkọ̀ kan fún ẹrù wọn, kí wọ́n sì pín owó rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹrù oníkálukú.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí, agbára àwa tá à ń wọ ọkọ̀ ni. Ó ní ibi tó mọ. Ìsopọ̀ ọ̀nà tó ń jẹ wá lówó, ìjọba ló lè dí i pátápátá. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ẹni tó bá ti sanwó bọ́ọ̀sì kan, tó sì wọ òmíràn láàárín wákàtí kan, kò ní san owó tuntun. Ẹ̀rọ tó ń ka káàdì ló ń rántí fún un. Ẹ̀rọ tó ń ka káàdì wà nínú bọ́ọ̀sì Èkó náà. Ẹni tó bá fi Cowry sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Òyìngbò, tó sì wọ bọ́ọ̀sì ìjọba lọ sí Erékùṣù láàárín wákàtí kan, ó tọ́ kó jẹ́ owó kan ló máa san. LAMATA, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń darí ìrìnnà ìlú yìí, ẹ̀bẹ̀ wa sí yín nìyẹn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onímọ́tò, ẹ kọ owó ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sára pátákó ní gbogbo gáréèjì, kí àlejò àti onílé lè kà á, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sọ̀yà pé òjò kò ní pa á rẹ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ má dákẹ́. Ẹ mú ìwé ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ bá kọ lọ sí ọ́fíìsì aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Ẹ fi iye tẹ́ ẹ san hàn án, ẹ tọ́ka sí ìsopọ̀ tó ń jẹ yín lówó jù, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tó máa ṣe sí i. Ẹ kọ orúkọ yín sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.